Méjì Ilé Alágbàfọ̀

Ní ilé Ìyá Alágbàfọ̀, wọn kì í bi obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù bóyá inú ń run ún. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n máa ń bi í. "Ṣé o ṣì lè di áyọ́ọ̀nù mú?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn, nǹkan kan ò ṣe é. Bó bá ní rárá, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á rọ omi gbígbóná sínú ìgò, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á gbé e lé e níkùn, ó di ìgbà tó bá tún lè di áyọ́ọ̀nù mú. Òfin ilé ni. Wọn ò kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n ó múlẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára ògiri lọ, èyí tó ní kí oníbàárà má sọ tíkẹ́ẹ̀tì aṣọ rẹ̀ nù. Tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ nù lójoojúmọ́.

Yàrá iṣẹ́ wọn gùn, kò sì fẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lẹ́yìn, tábìlì ìlọṣọ mẹ́rin wà láàárín, káńtà wà níwájú lẹ́bàá ojú pópó, ooru omi gbígbóná sì máa ń bo gíláàsì fèrèsé títí ẹni tó ń kọjá níta kò fi ní rí ju òjìji ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kan aṣọ ìyàwó nínú ilé náà àfi òun. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń darí iṣẹ́ báyìí. Máfijóná ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó ń pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nìyẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn.

Inú rírun yìí, ìran wọn ló ti bá a wá. Ìyá tó bí Ìyá Alágbàfọ̀ ní in. Òun náà ní in. Nígbà tí Máfijóná pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó dùbúlẹ̀ sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí tó ń gbọ̀n, ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ó ti dé." Bí ẹni tó ń retí lẹ́tà. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọmọ tí kò bá sì tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Gbogbo ilé náà gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá obìnrin nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe gbà á tó. Ìyá Alágbàfọ̀ bí ọmọbìnrin mìíràn lẹ́yìn Máfijóná. Nígbà tí nǹkan oṣù ti ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣètò àga sílẹ̀, wọ́n gbé omi kaná. Ọmọ náà ń fò kiri. Oṣù kejì, ó ń fò kiri. Wọ́n dúró de ìrora ọmọ yìí títí ọdún kan fi yí po. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Kí ló ń ṣe é?" dókítà béèrè.

"Kò sóhun tó ń ṣe é," Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn. "Ìdí tá a fi wá nìyẹn."

Dókítà yẹn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ó mú ọmọ rẹ̀ padà sílé, ó sọ ọ́ ní Àkàndá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Àkàndá kò dúró sídìí aṣọ. Iṣẹ́ lẹ́tà pípín ló gbà, ó ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò láti òwúrọ̀, oṣù wọlé oṣù jáde, kò mọ ohun tó ń jẹ́ àga.

Ti Máfijóná kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sílé ọkọ, oyún méjì bọ́ lára rẹ̀, ọdún kẹsàn-án ló tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Sísí. Nígbà tí Sísí pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìrora ìyá rẹ̀ le débi pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà tó ṣe é sọ fún un pé ẹran ara tó jọ èyí tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló hù sí ìta ilé ọmọ, ó ti lẹ ìfun mọ́ ibi tí kò yẹ kó lẹ̀ mọ́, ó sì ti ba ọ̀kan nínú ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ó pe orúkọ àrùn náà: ẹndomẹtiríósìsì. Máfijóná ní kó tún un pè. Ó ti bá nǹkan náà gbé láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó délé tó sọ fún ìyá rẹ̀, màmá náà ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó ká a tán kó tó fèsì.

"Orúkọ gígùn yìí ni wọ́n wá ń pe inú rírun báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà kọjá lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà ìsinmi ilé ìwé, Sísí ń bá wọn ká aṣọ ibùsùn ilé ìtura. Ó di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ìyá rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ kejì. Lójijì, Máfijóná rí i pé aṣọ náà fúyẹ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó wò, Sísí ti wà nílẹ̀, aṣọ funfun bò ó lẹ́sẹ̀. Ó sáré lọ gbé e. Ojú ọmọ náà ti funfun, òógùn bò ó níwájú orí, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Kò le, Mọ́mì. Mo ṣì lè di áyọ́ọ̀nù mú."

Ọ̀rọ̀ yìí ba Máfijóná lẹ́rù ju ìṣubú náà lọ. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ gba ìwé sọ́dọ̀ dókítà àwọn obìnrin. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà náà ń wá sí ilé ìwòsàn àdúgbò, èrò sì pọ̀ nílẹ̀. Akọ̀wé tó gba orúkọ wọn kò tan án jẹ: àwọn tí ìrora wọn bá le jù ni dókítà máa ń rán lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ńlá, àwọn yòókù á gba oògùn ìrora, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ọdún kan! Máfijóná mọ ohun tí ọdún kan lè ṣe nínú ikùn. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n wo ọmọ òun kí nǹkan tó bàjẹ́, kí wọ́n má ṣe dá a padà sílé.

Ìyá Alágbàfọ̀ kò fara mọ́ ọn.

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kí ni dókítà fẹ́ wò lára rẹ̀? Ẹ fẹ́ fi àìsàn kọ́ ọmọ."

"Màmá, àìsàn ni."

"Bó bá jẹ́ àìsàn ni, a jẹ́ pé gbogbo wa la ti ń ṣàìsàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Gbogbo wa la ti ń ṣàìsàn."

Ìyá náà gbé ojú kúrò. Ó mú aṣọ ìyàwó kan sílẹ̀ lórí ìkọ́, ó tún gbé e padà kọ́. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, mo gbọ́," ó sọ níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pa òwe náà fún un. "Màá tẹ̀lé yín lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ní làákàyè."

Oṣù kẹta ló tó kàn wọ́n. Báyìí ni àwọn mẹ́rin ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé ìwòsàn náà, torí Àkàndá náà gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá tòun ti bàtà ìrìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi wá bá wọn, ó gbé àwo kan tí ìgò pẹ́pẹ̀pẹ́ kún inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Alágbàfọ̀, ó wá ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ kan ń ṣèwádìí lórí àrùn yìí nínú àwọn ìdílé tó ti pọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún itọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́.

"Itọ́?" Ìyá Alágbàfọ̀ ní. "Wọ́n ní a kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún padà lá a. Tí mo bá tu ú fún yín, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Jíìnì ló wà nínú rẹ̀, Màmá. Òun ló ń mú kí ọmọ jọ òbí. Ẹ wo imú yín lójú ọmọ yín yìí, jíìnì ló gbé e débẹ̀."

"Imú mi ò ṣe ẹnikẹ́ni níbi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, kò sì kánjú. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní jíìnì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kéékèèké máa ń wà láàárín ti ẹnì kan àti ti ẹlòmíràn. Àwọn kan lára ìyàtọ̀ yẹn ń dá kún ewu àrùn yìí. Kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì tó nǹkan. Ẹnì kan lè ní púpọ̀ nínú wọn kí nǹkan kan má ṣe é títí ayé; ẹlòmíràn lè ní díẹ̀ kí àrùn mú un. Wọn ò lè fi itọ́ sọ pé báyìí ni ti lágbájá ṣe máa rí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kó pọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ti ní in, kò yẹ kí wọ́n fi ìrora rẹ̀ ṣeré.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ báàgì rẹ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé èmi ni mo kó o ràn wọ́n."

"Kì í ràn, Màmá. Kò sì sẹ́ni tó ń ṣa ohun tó máa fi bí ọmọ. Ẹ̀yin náà, wọ́n fi bí yín ni. Bàbá pàápàá lè gbé e fún ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ilé ọmọ."

"Bàbá?" Ojú màmá náà là. Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Bàbá yín náà lè wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí! Ọkùnrin tí kò lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan rí kó tó kú!"

Ó gba ìgò, ó tutọ́ sí i. Máfijóná tu tirẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" Àkàndá béèrè. "Kò sóhun tó ń ṣe mí."

"A nílò tiyín náà dáadáa, mà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà lẹ ní, kó má sì ṣe yín."

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Nọ́ọ̀sì ní ara mi dá."

"Mo gbọ́," Ìyá Alágbàfọ̀ ní. "Mi ò tíì gbà."

Sísí rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn dùn díẹ̀ lára Máfijóná, títí wọ́n fi pe orúkọ wọn.

Àkàndá dúró lórí bẹ́ǹṣì, àwọn mẹ́ta yòókù wọlé. Dókítà náà kò tíì dàgbà púpọ̀, ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ ga dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó kí wọn, ó wá kọjú sí Sísí tààrà.

"Màá fẹ́ kí o fi nọ́ńbà sọ ìrora rẹ fún mi, láti òdo dé mẹ́wàá. Òdo ni pé kò dùn ọ́ rárá. Mẹ́wàá ni èyí tó burú jù lọ. Mélòó ni tìẹ, nígbà tó bá le?"

Sísí wo ìyá rẹ̀. Ó wo ìyá àgbà. Ó jókòó tọ́.

"Méjì, mà."

"Ṣé o máa ń lè lọ sílé ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò pa ilé ìwé jẹ rí."

Dókítà gbé bírò. Máfijóná sún síwájú.

"Dókítà, ọmọ yìí ṣubú. Mo rí i. Kò ju oṣù mélòó kan lọ."

"Ẹsẹ̀ mi ló kọ́ aṣọ," Sísí sọ jẹ́jẹ́.

"Mo gbọ́ yín, mà," dókítà ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Mo sì rí i nínú ìwé pé ẹ̀yin náà ti ní in. Ó wà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kọ. Àwọn tó wà níta, àwọn míì ń sọ mẹ́sàn-án fún mi. Ẹ jẹ́ ká fún un ní oògùn ìrora, kó padà wá lẹ́yìn—"

Máfijóná fẹ́ dá a lẹ́nu dúró. Kí ló fẹ́ sọ? Pé irọ́ ni ọmọ òun ń pa? Sísí kò purọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kà ló ṣe kà. Inú bí i sí ọmọ náà, inú bí i sí ara rẹ̀, ó sì rò pé ọdún kan ti bọ́ nìyẹn.

"Dókítà, ẹ dúró ná." Ìyá Alágbàfọ̀ ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má tíì kọ ọ́. Méjì tó pè yẹn, méjì ilé wa ni. Kì í ṣe méjì tiyín."

Dókítà gbójú sókè. "Kò yé mi, Màmá."

"Nílé wa, tí èèyàn bá ṣì lè dìde dúró, òdo nìyẹn. Tó bá lè di áyọ́ọ̀nù mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹyọ kan nìyẹn. Tó bá lọ bì, tó nu ẹnu, tó padà sídìí iṣẹ́, méjì nìyẹn." Ó wo Sísí. "Mi ò mọ bí mẹ́ta ṣe rí. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kà á débẹ̀ rí."

"Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Bí wọ́n ṣe máa ń dárúkọ ẹni tó ni aṣọ ló ṣe sọ ọ́. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti Sísí.

"Jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ọjọ́ tó burú jù lóṣù tó kọjá, níbo lo wà? Kí lo ń ṣe?"

Sísí tún wo ìyá àgbà.

"Sọ ọ́," Ìyá Alágbàfọ̀ ní. "Sọ gbogbo rẹ̀, ìyá mi."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà. Ti ilé ìwé." Ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo máa ń jókòó sílẹ̀, màá gbé iwájú orí lé ògiri torí ó tutù. Mo máa ń ka táìlì kí n má baà pariwo. Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Tí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, màá wá fọ ojú, màá padà sí kíláàsì."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì."

Máfijóná kò mọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, kò mọ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, Sísí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ọmọdé gidi, èyí tó ń pariwo.

Dókítà fa ìlà lórí ohun tó kọ. Ó mú ìwé mìíràn, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n gba ọmọ náà wọlé fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ńlá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣàlàyé oògùn kan tó lè mú kí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ikùn lè sinmi. Ó ní òun kò lè ṣèlérí pé àrùn náà á lọ pátápátá, kò tilẹ̀ tíì dá òun lójú pé àrùn náà ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti tètè dé. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, Máfijóná rò ó lọ́kàn, ara rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku fọ́ọ̀mù kan, ti ìtàn ìdílé. Dókítà béèrè lọ́wọ́ Ìyá Alágbàfọ̀ iye ọdún tó jẹ́ nígbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó béèrè bóyá ó rí dókítà nígbà náà.

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní kí n lọ bímọ, pé ó máa lọ. Mo bímọ. Kò lọ."

Wọ́n rò pé ó ti parí. Ó wá yíjú sí Máfijóná.

"Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́."

"Ìgbà wo, Màmá?"

"Nígbà tó o wà lọ́mọdé. Ọjọ́ tó o bì sórí aṣọ ilé ìtura, tí mo ní kó o tún un fọ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Mo nu ojú mi, mo padà wá bi ọ́ bóyá o ṣì lè di áyọ́ọ̀nù mú."

Láti ìgbà èwe ni Máfijóná ti gbà pé ìyá òun kò mọ̀. Ohun tó fi ń dárí jì í nìyẹn. Inú bí i gidigidi báyìí, ó sì gbà kó bí i.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ nǹkan kan, Màmá?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Mi ò ní oògùn. Ohun tí mo ní ni mo fún ọ."

Sísí ti dákẹ́ ẹkún. Dókítà rọra béèrè nọ́ńbà tí òun máa kọ fún ìyá àgbà, láti òdo dé mẹ́wàá, ti àwọn dókítà.

"Ẹ kọ mẹ́wàá," Ìyá Alágbàfọ̀ ní. Ó nawọ́ sí àkọ́bí rẹ̀. "Ẹ kọ mẹ́wàá fún eléyìí náà. Mo wà níbẹ̀."